Àjẹ́ Ké Lánàá: Ta Ló Pa Murtala?

Ọkọ̀ Mercedes dúdú kan wà ní Ilé Àkójọ Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, l'Ékòó, tí ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kejì, ọdún 1976, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan dá a lọ́nà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòyí, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Akintunde Akinsehinwa, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun tó ń bá a rìn, kú pẹ̀lú rẹ̀. Awakọ̀ náà kú. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà tó rántí ọjọ́ yẹn dúró ti ọkọ̀ náà, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Òyìnbó ló pa á."

Ìtàn tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn dùn ún gbọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Murtala gba ẹgbẹ́ MPLA gẹ́gẹ́ bí ìjọba Àǹgólà, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí ẹgbẹ́ náà rárá. Ààrẹ Gerald Ford kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Áfíríkà láti yí wọn lọ́kàn padà. Nàìjíríà bẹnu àtẹ́ lu lẹ́tà náà ní gbangba. Ní 11 oṣù Kìíní ọdún 1976, Murtala dìde ní Addis Ababa, ó ní Áfíríkà ti dàgbà, kò sí alágbára kankan tí yóò máa darí rẹ̀ mọ́. Oṣù kan ó lé ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó di olóògbé.

Àwọn bàbá wa ti sọ irú ìrònú yìí di òwe: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo fẹ́ràn òwe, ṣùgbọ́n n kò ní fi èyí dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Àná àti òní nìkan ló gbójú lé.

Kì í ṣe pé àwọn tó fura kò gbọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Dimka tó ṣáájú àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, ó ní kí wọ́n bá òun kàn sí Gowon, olórí ìjọba àná, tó ń kàwé ní Yunifásítì Warwick. Nàìjíríà bínú sí aṣojú náà, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì dá Gowon padà, Gẹ̀ẹ́sì kọ̀. Gowon ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èyí ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́ ni yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé tọ̀ wọ́n ní gbangba, tí yóò máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun wá ẹni tí òun ń jà fún? Ọkùnrin yìí kan náà ló kéde kónílé-ó-gbélé lórí rédíò láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán ni o! Bí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ òkèèrè bá bá a ṣètò, wọn kò ṣètò rárá.

Ẹnìkan á ní, Lumumba ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Nígbà tí wọ́n pa Patrice Lumumba ti Kóńgò ní 17 oṣù Kìíní ọdún 1961, àhesọ ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ àwọn tó ní òyìnbó lọ́wọ́ sí i. Ní 1975, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé CIA fi májèlé ránṣẹ́ sí Kóńgò nítorí rẹ̀. Ní 1999, Ludo De Witte, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, tú ìwé ìjọba jáde, ó fi kọ ìwé. Ní 2001 ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn gbà pé ẹ̀bi ìwà wà lọ́rùn àwọn mínísítà kan. Ní 2022 ni wọ́n dá eyín rẹ̀ kan padà fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí wọ́n ti fi ásíìdì yọ́ òkú náà. Síbẹ̀ májèlé kọ́ ló pa á. Àwọn ọmọ ogun Kàtáńgà ló yìnbọn fún un, tí àwọn ọ̀gá ológun Bẹ́ljíọ̀mù sì wà níbẹ̀. Ìwé tó sọ ẹni tó ránṣẹ́ sí ẹni, àti ọjọ́ tó ránṣẹ́, ló sọ àhesọ yẹn di ìtàn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì jáde lórí ikú Murtala.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tí ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí ń bò mọ́lẹ̀. Iliya Bisalla, kọmíṣánnà fún ètò ààbò nínú ìjọba Murtala fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n pa nítorí ọ̀tẹ̀ náà. Ìbínú lórí ìgbéga ipò wà ní bárékè nígbà náà, ìyẹn kò sì nílò Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ ológun gbọ́ ẹjọ́ wọn kíákíá. Ní oṣù Kẹta, wọ́n yìnbọn pa Bisalla àti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n pa Dimka. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lè sọ ẹni tó rán wọn, bí ẹnìkan bá rán wọn, ti wọlẹ̀ lọ.