Òṣùwọ̀n Kan Náà: Àyẹ̀wò Àríyànjiyàn lórí Orísun Ìlù Dùndún

Ọ̀rọ̀ orísun ìlù dùndún kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láàárín àwọn onímọ̀ àṣà Yorùbá. Bí àwọn kan ti ń sọ pé ìlù Yorùbá pọ́ńbélé ni, ogún tí Àyàn Àgalú fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń tọ́ka sí òkè Ọya, sí kàlàngú àwọn Haúsá, pé ibẹ̀ ni Yorùbá ti yá a. Ní Ìbàdàn, àríyànjiyàn yìí kò mọ sí inú kíláàsì. Ní Bódìjà, tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, gángan ń dún ní gbọ̀ngàn àríyá lọ́jọ́ Sátidé, ó sì tún ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá rí àṣẹ sọ ibi tí ìlù kan ti wá kì í pẹ́ kí ó tó máa sọ ẹni tí ó yẹ kí ó lù ú, ibi tí a ti lè lù ú àti ohun tí a lè fi sọ. Nítorí náà, ó yẹ kí a gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n.

Ìrísí ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó gbà pé a yá dùndún ni. Igi tí a gbẹ́ ni, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fi awọ bo ojú rẹ̀ méjèèjì, tí a sì fi ọ̀sán so awọ kan mọ́ èkejì. Bí onílù bá fún ọ̀sán mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á rẹlẹ̀. Irú ìlù bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn Haúsá, ó wà lọ́wọ́ àwọn Dagomba ní Gánà, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn Wolof ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n ń pè é ní tama. Ó ṣòro láti gbà pé olúkúlùkù ẹ̀yà wọ̀nyí dá a rò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Títí dé ibí yìí, àlàyé wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí ó ti mẹ́hẹ ni ibi tí wọ́n ti fò láti orí ìjọra bọ́ sórí ìran. Pé ohun méjì jọra kò sọ èyí tí ó bí èkejì fún wa. Ìhà kan lè yá ìhà kejì, ó sì lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹnìkẹta ni àwọn méjèèjì ti gbà á. Igi àti awọ kì í sì í pẹ́ jẹrà nínú ilẹ̀ olójò, èyí kò jẹ́ kí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ohun púpọ̀ fi báni parí ẹjọ́ náà.

Ohun tí ìrísí kò lè gbé rìn ni èdè. Wolof kì í ṣe èdè olóhùn, síbẹ̀ tama wà lọ́wọ́ wọn. Láàárín àwọn Haúsá, ìlù àwọn alápatà ni a mọ kàlàngú sí tẹ́lẹ̀. Yorùbá ní tirẹ̀ ní ohùn mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Onílù tí yóò fi ìyá ìlù ki ọba gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ti fún ọ̀sán dé ibi tí ohùn àárín wà láìjẹ́ kí ó bọ́ sókè, kí ó sì mọ bí yóò ti yọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ gòkè. Èyí nìkan kò tó. Ohùn ni ìlù ń sọ, kì í sọ kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ̀lì. Lẹ́nu ìlù, ọkọ́ àti igbá kò yàtọ̀. Oríkì gígùn tí etí ará ìlú ti mọ̀ ni ó ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ dùndún kò sí lọ́wọ́ onílù nìkan, ó wà ní etí olùgbọ́ pẹ̀lú. Bákan náà, dùndún kì í ṣe ìlù kan ṣoṣo. Bí ìyá ìlù ti ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìsáájú ń gbè é, gúdúgúdú tí kò ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sì ní ọ̀sán tí a ń fún, ń dún láàárín wọn. Ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ ńlá tí Akin Euba ṣe lórí dùndún, tí ó jáde ní 1990, yóò rí i pé ètò yìí gbòòrò ju igi tí a gbẹ́ lọ.

Àwọn tí ó ń jà fún dùndún pọ́ńbélé náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Orúkọ Àyàn ni ẹ̀rí tí wọ́n gbójú lé jù. Ṣùgbọ́n kí ni ìtàn Àyàn fúnra rẹ̀ sọ? Ọba Láoyè Kìíní, Tìmì Ẹdẹ, tí òun alára jẹ́ ọ̀gá onílù, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959 pé ọmọ Ṣaworo ní ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Àyàn, pé ó kọ́ àwọn ìdílé Yorùbá kan ní ìlù, àti pé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà. Àwọn onílù kò fi èyí pa mọ́. Ẹni tí ó bá di orúkọ Àyàn mú láti fi lé àjèjì jáde ti gbàgbé pé ìtàn náà pe Àyàn gan-an ní àlejò. Kò tún yẹ kí a sáré fi ṣaworo tí ó wà létí ìyá ìlù túmọ̀ orúkọ ìlú Ṣaworo, nítorí pé ìjọra orúkọ kò lágbára ju ìjọra ìrísí lọ. Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń bèèrè ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ìlù náà. Májẹ̀mú tí ó so adé, ìlú àti ìdílé onílù pọ̀ ni agbára rẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí ó yẹ fún dùndún wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtá ní Kúbà ni àwọn onímọ̀ Yorùbá ti ń lò ó. Àwọn tí a kó lẹ́rú dé Kúbà kò gbé ìlù wọn dání. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí Fernando Ortiz kọ sílẹ̀, ní nǹkan bí 1830 ni Añabí àti Atandá kan àkọ́kọ́ bàtá tí a yà sí mímọ́ ní Havana. Igi Kúbà ni, awọ ẹran Kúbà ni, Àyàn sì di Añá lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, kò sí onímọ̀ Yorùbá tí kì í fi bàtá náà yangàn gẹ́gẹ́ bí ogún Yorùbá. Lórí kí ni? Lórí ìmọ̀ tí a fà láti ọwọ́ dé ọwọ́ àti ìtọ́jú tí a fún un. Bí ìmọ̀ àti ìtọ́jú bá tó láti sọ bàtá Havana di ti Yorùbá, wọ́n tó láti sọ dùndún di ti Yorùbá, ibikíbi tí ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ náà ì báà ti wá. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni òṣùwọ̀n yìí ní. Ọ̀pọ̀ onílù Kúbà kò gbọ́ Yorùbá mọ́, àwọn ni wọ́n sì ti tọ́jú Añá láti ọdún wọ̀nyí wá. Ẹ̀tọ́ tí Yorùbá bá bèèrè lórí ohun tí ó gbà lọ́wọ́ Ìbàrìbá tàbí Haúsá, kò gbọdọ̀ fi du àwọn ará Kúbà lórí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní erékùṣù Hawaii, ìtàn àwọn onílé fúnra wọn sọ pé Laʻamaikahiki ni ó gbé ìlù pahu wá láti Kahiki, òkèèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Tahiti. Ìtàn yẹn kò sọ pahu di àjèjì ní Hawaii. Ó kàn sọ ọ̀nà tí ó gbà dé.

Ọjà Bódìjà fúnra rẹ̀ lè kọ́ olùwádìí ní ohun kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àlùbọ́sà àti tòmátò láti òkè Ọya ń wọ ibẹ̀, pákó láti inú igbó náà ń wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń pe ọbẹ̀ tí ìyàwó ilé sè ní ọbẹ̀ Haúsá nítorí àlùbọ́sà inú rẹ̀. Ọwọ́ tí ó sè é ni ó ni ín. Ewu tí ó wà fún dùndún lónìí kò sí nínú pé ẹnì kan sọ pé a yá a. Àwọn ìdílé kan ti yọ Àyàn kúrò nínú orúkọ wọn, wọ́n fi Olú rọ́pò rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àríyá, ìlù kò ju kí ó pe orúkọ olówó lọ, àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ kò sì gbọ́ ju ibi tí orúkọ wọn ti dún. Igi ṣì wà, awọ ṣì wà, ṣùgbọ́n oríkì tí ń tú ohùn ń tán lọ ní ọwọ́ àti ní etí. Bí ó bá tán, ìlù tí yóò kù lọ́wọ́ wa yóò jẹ́ ìrísí lásán, àwọn tí ó fi ìrísí nìkan ṣe ẹ̀rí yóò sì jàre níkẹyìn. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: kí wọ́n tọ àwọn àgbà onílù lọ, kí wọ́n gba oríkì náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohùn àti ìtumọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un.