Ohùn Haruna Ìṣọ̀lá àti Ẹni tí ó ni Ín

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ojú tín-ín-rín wo orin àpàlà. Wọ́n ní ariwo ìlù àti ìyìn olówó lásán ni, kò sì yẹ kí a kà á mọ́ ewì. Ẹ̀sùn yìí kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ Haruna Ìṣọ̀lá láti 1948 títí di 1983 tí ó kú, a ó rí i pé iṣẹ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn ẹ̀sùn náà.

Ní 1948 ni ó kọ́kọ́ gba orin sínú àwo, fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice. Ọba Adéboyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó fi orin náà yìn. Àwo náà kò tà. Nígbà tí ọba yìí wàjà nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú, Haruna tún orin náà kọ, ó sì tún un gbé jáde. Ìgbà yìí ni òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ọba kan náà ni, olórin kan náà ni. Ipò orin ni ó yí padà. Ìyìn ẹni tí ó wà láàyè kì í ṣe ohun tuntun, nítorí ojoojúmọ́ ni onílù ń ṣe é ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò sí mọ́ ni àwo wúlò fún jù, nítorí pé ohùn inú àwo kì í bá òkú wọ sàréè. Àwo kì í ṣe òde ìnáwó. Ilé ìrántí ni.

Ètò orin Haruna bá èyí mu. Kò gba jìtá láàyè, kò sì gba fèrè òyìnbó. Ó ń jókòó kọrin, àwọn onílù gángan yí i ká, pẹ̀lú àkúbà, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo. Ohùn rẹ̀ kì í kánjú. Òwe a máa tẹ̀ lé òwe, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù a sì máa bá oríkì rìn láìjà. Ọgbọ́n oríkì àtijọ́ ni ó fi ń dárúkọ ènìyàn. Ìdí nìyí tí àwọn tí kò mọ ẹgbẹ́ Òròkí rí fi gbádùn orin tí ó kọ fún un ní 1971, Òròkí Social Club. Ìròyìn tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwo náà tà ju 5,000,000 lọ. Orúkọ ẹgbẹ́ ìgbáfẹ́ kan ní Òṣogbo wá di ohun tí ará ìlú mìíràn ń fi jó.

Síbẹ̀, àléébù wà. Kò rọrùn fún ẹni tí ó ń jẹun lọ́wọ́ olówó láti bá olówó wí. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ọ̀tá olówó ni òwe máa ń dojú kọ. Olówó fúnra rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ìbáwí. Nígbà mìíràn, ọgbọ́n inú orin a ga ju ẹni tí a fi yìn lọ.

Ṣùgbọ́n olówó ìlú nìkan kọ́ ni ó ń de olórin. Ilé-iṣẹ́ àwo ti òyìnbó náà jẹ́ olówó. Òun ni ó ni àwo, òun ni ó sì ń pín èrè. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìgbà náà jẹ́ ìgbà tí a ń dá nǹkan tiwa sílẹ̀: tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, a sì ṣí Pápá Ìṣeré Liberty ní Òkè-Àdó ní 1960. Ìjọba ni ó ṣe ìwọ̀nyẹn. Ní 1969, olórin méjì ṣe tiwọn: Haruna àti I. K. Dáírò dá Star Records sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó jẹ́ ti olórin fúnra wọn. Kírísítẹ́nì ni Dáírò, jùjú onígìtá ni ó ń kọ. Mùsùlùmí ni Haruna, kò sì fẹ́ gìtá nínú orin rẹ̀. Wọn kò da orin pọ̀. Òwò ni wọ́n dà pọ̀. Ní 1979, Haruna ṣí Phontriks, ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gba ohùn ní ọ̀nà 24. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní oyè MON ní 1981.

Ǹjẹ́ orin rẹ̀ yí padà nígbà tí ó di ọ̀gá ara rẹ̀? Kò yí padà púpọ̀. Kò dẹ́kun ìyìn. Ẹni tí ó bá ń retí pé òmìnira yóò sọ ọ́ di alárìíwísí olówó yóò pòfo. Ohun tí ó fi òmìnira rẹ̀ ṣe ni pé ó pa àpàlà mọ́ bí ó ti fẹ́ kí ó rí, láìsí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí yóò pàṣẹ fún un. Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni ó rà, ohùn àtijọ́ ni ó fi sínú rẹ̀. Nígbà tí Músílíù, ọmọ rẹ̀, gbé àwo Ṣóyòyò jáde ní 2000, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń jó sí i, a rí i pé ohun tí a pa mọ́ kò tíì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn ewì Yorùbá láìfi àwo Haruna kún un, ìdajì ìtàn ni ó kọ.