Àfòmọ́ àti Igi: "Àwa" Wo ni Ngozi Wà Nínú Rẹ̀?

  Àwọn kan nínú yín ń bi mí pé kí ló pa àgbàlagbà bíi tèmi pọ̀ mọ́ ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Èdè ni, jàre. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn wò lónìí: "àwa".

Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn ogun ńlá kan jáde, wọ́n pè é ní Venomverse. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọ́n á kó àwọn akọni tí kálukú wọn ní ìwé tirẹ̀ jọ sójú ogun kan náà, olórí ìwé á wà, àwọn ìwé àsomọ́ á sì yí i ká. Olórí ìwé ti Venomverse jẹ́ márùn-ún. Márùn-ún mìíràn, Edge of Venomverse, ti jáde ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ á ra gbogbo rẹ̀. Ọjà ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Venom fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dá tó wá láti ayé mìíràn. Kò lè dá wà. Ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ènìyàn kó tó lè lo agbára rẹ̀. Nítorí pé méjì ti wà nínú ara kan, kì í sọ pé "èmi", "àwa" ló máa ń sọ. Ẹni tó bá lóko kòkó mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀: àfòmọ́ ni. Àwọn àgbà sì ti ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan. Nínú ogun yìí, irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀ bá Captain America tan, ó bá oríṣiríṣi akọni tan, gbogbo wọn sì jọ kojú àwọn ọ̀tá tó ń jẹ́ Poisons, tí wọ́n ń jẹ àfòmọ́ àti igi pọ̀.

Ìwé àsomọ́ kan, Venomverse: War Stories, jáde ní oṣù September ọdún náà. Inú rẹ̀ ni Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kọ ìtàn kúkúrú kan sí; Tana Ford ló ya àwòrán rẹ̀. Blessing in Disguise ni àkọlé rẹ̀, Èkó ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ngozi, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, bá ara rẹ̀ níbi tí Black Panther àti Rhino ti ń jà, Venom sì lẹ̀ mọ́ ọn. Okorafor sọ ní gbangba pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Chibok ni òun fi ṣe àwòkọ́ṣe Ngozi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára. Ọ̀pọ̀ ìwé àsomọ́ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bẹ́ ẹ bá já a kúrò lára olórí ìwé, á rọ. Ti Ngozi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Okorafor wà ní ọmọ ọdún 19 nígbà tí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn gba ìrìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà kan; ó kọ ìtàn náà sínú Broken Places & Outer Spaces ní 2019. Ẹni tó mọ ohun tí ẹsẹ̀ jẹ́ ló kọ Ngozi. Ẹ tún wo àkọlé yẹn: ìbùkún ni Ngozi túmọ̀ sí lédè Ìgbò. Ẹni tó gbọ́ Ìgbò á gbọ́ orúkọ ọmọ náà nínú àkọlé; ará New York lè má fura rárá. Ìtàn náà ò sì bá ogun náà kú. Nínú Black Panther: Long Live the King, Ngozi padà wá, òun fúnra rẹ̀ sì ni Black Panther.

Orúkọ náà sì ni àríwísí mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù April 2014, wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tètè sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n dá 21 sílẹ̀ ní October 2016, àti 82 ní May 2017, oṣù mẹ́rin péré kí ìwé yìí tó jáde. Kibaku ni èdè Chibok, ẹbí kan náà ni òun àti Haúsá. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, ọmọ Chibok ti di Ngozi, ó ti di ará Èkó. Ẹnì kan lè sọ pé ìtàn àròsọ kì í ṣe ìròyìn, ibi tí òǹkọ̀wé mọ̀ ló kọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bẹ́ ẹ bá fi Chibok polówó ìwé, tí ohùn Chibok ò sí nínú rẹ̀, ta ni ẹ wá ń pè?

Ibi tí "àwa" ti wọlé nìyí. "Àwa" Yorùbá ò sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sọ fún ará Ìlọrin pé "àwa la ni ìjàkàdì", òun ò sí níbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ Ọ̀fà, ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn Fúlàní ní méjì: enen ni èmi pẹ̀lú ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, minen ni èmi àti àwọn tèmi, láìsí ìwọ. Gẹ̀ẹ́sì ò yà wọ́n sọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Ẹ rántí Bring Back Our Girls. Ní 2014, nígbà tí Michelle Obama gbé àkọlé yẹn sọ́wọ́ fún gbogbo ayé rí, enen ni "wa" tó wà nínú rẹ̀: ọmọ gbogbo wa. Nígbà tí àwọn oníkámẹ́rà lọ tán, ó di minen, ó ku àwọn òbí ní Chibok. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọmọ tó lé ní 80 ni wọn ò tíì rí.

Ìdájọ́ mi rèé. Nínú ìtàn kúkúrú tí Okorafor kọ, enen ni: ọmọbìnrin náà wà nínú "àwa", ó tilẹ̀ di olórí rẹ̀. Nínú ọjà Venomverse, minen ni: ẹ lè ka olórí ìwé márààrún tán, kẹ́ ẹ mọ bí ogun ṣe parí, láìmọ̀ pé ọmọ kan ń jẹ́ Ngozi. Ogun ńlá yẹn gan-an ni àfòmọ́. Ó bá ìbànújẹ́ wa tan fún ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ wá ìtàn náà kà, ó tó kíkà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ẹni tó ń sọ Kibaku, ẹ ní kó sọ ìtàn Chibok fún yín ní èdè rẹ̀, kó máa túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti sọ pé "àwa", ẹ bi í pé àwọn ta ni. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ire o.