Tún Gbà, Gbà Padà, Padà Gbà: Àríwísí lórí Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì fún Àtúngbà

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi hàn pé ẹnì kan gba ohun tí ó ti gbà rí, tàbí pé ó fara mọ́ ohun tí ó ti fara mọ́ tẹ́lẹ̀. Lára wọn ni "reaccept", "readmit", "reaffirm" àti "renew". Àṣà tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ ni pé kí wọ́n fi "tún" ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, kí wọ́n sì kà á sí pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé àṣà náà kò tọ̀nà. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì dì pọ̀ sínú "re-", Yorùbá yà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí kò bá sì kíyè sí ìpín náà lè fi ìtumọ̀ rẹ̀ ba ọ̀ràn ọlọ́ràn jẹ́.

Inú èdè Látìnì ni "re-" ti wá. Ìtumọ̀ méjì ni ó ní níbẹ̀: "sẹ́yìn" àti "lẹ́ẹ̀kan sí i". Gẹ̀ẹ́sì jogún méjèèjì láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà mìíràn, ó tilẹ̀ gbàgbé pé òun jogún wọn: "re-" wà nínú "receive", ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá "receive" lẹ́tà kò gba ohunkóhun padà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa láti inú ọjà Àpòmù, ọjà àtayébáyé tí Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ṣáájú ogun Òwu. Bí oníbàárà bá dá iye owó kan, tí ọlọ́jà gbà, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjà tí ó tẹ̀ lé e, ọlọ́jà tún gbà ni. Bí oníbàárà bá dá ẹrù padà, ọlọ́jà gbà á padà. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ jálẹ̀ títí oníbàárà fi kẹ́yìn sí i, tí ó wá pè é pé kí ó mú owó wá, ọlọ́jà padà gbà. Kò sí ọmọ Àpòmù tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì.

Ẹ̀kẹta yìí ni ó léwu jù. Ẹni tí ó "reaccept" gbọ́dọ̀ ti gbà rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó padà gbà, kíkọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ̀. "Tún" pàápàá kò mọ́ tó bí a ti ń rò. "Ó tún gba ilẹ̀" lè túmọ̀ sí pé ó gba ilẹ̀ mìíràn kún ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, "náà" tàbí "ti tẹ́lẹ̀" gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí ọ̀rọ̀ tó dúró.

Ní agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, níbi tí oko kòkó pọ̀ sí, ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń fi sísan rẹ̀ jẹ́wọ́ pé onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, pé Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kò pa àjọṣe náà rẹ́. Bí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ bá sẹ́ onílẹ̀, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní àwọn méjèèjì jà, tí wọ́n sì parí rẹ̀, tí a wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé olóko náà "reaccepted" àdéhùn àtijọ́. Bí ògbifọ̀ bá sọ nílé ẹjọ́ pé olóko "tún gba àdéhùn ti tẹ́lẹ̀ náà", ó sọ òótọ́. Bí ó bá sọ pé olóko "padà gba àdéhùn náà", ó ti sọ ọ́ di ẹni tí kò gbà tẹ́lẹ̀ rí, èyíinì ni ẹni tí ó sẹ́ onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó ṣí nípò.

"Renew" náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. A mọ̀ pé "tún ṣe é" yàtọ̀ sí "tún un ṣe": àṣetúnṣe ni ti àkọ́kọ́, àtúnṣe ni ìkejì. Ẹni tí ó bá pe "renew" ní "tún àdéhùn ṣe" ti mú kí onílẹ̀ máa retí pé ìṣákọ́lẹ̀ yóò yí padà. "Sọ àdéhùn dọ̀tun" ni ó yẹ, nítorí pé ọjọ́ orí àdéhùn ni ó di tuntun, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí a bi wá bóyá ó pọn dandan kí a fi nǹkan kan rọ́pò "re-" rárá. Ẹ wo ìwé Fílémónì nínú Bíbélì Mímọ́ ti 1900. Onísímù sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ní ẹsẹ ìkẹtàdínlógún, "gbà" lásán ni àwọn atúmọ̀ lò, kò sí "tún", kò sí "padà". Ní èrò tiwa, wọ́n ṣe é dáadáa. "Gbà á padà" ìbá dá Onísímù sí ipò ẹrú tí ó ti kúrò, bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń fẹ́ kí a gbà á bí arákùnrin. Ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ṣẹlẹ̀ rí láàrin ẹrú yìí àti ọ̀gá rẹ̀.