Ẹrù Bàbá Lórí Ọmọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, eré Wọlé Ṣóyínká tí ó pè ní Death and the King's Horseman (1975) kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 2022, Bíyí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni, Ọ̀yọ́ kò sì jìnnà sí àwa ará Ìsẹ́yìn.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládigbòlú wàjà ní ìparí 1944. Àṣà ní kí Jínádù, Olókùn-Ẹṣin, bá ọba lọ. Nígbà tí ó di oṣù kìíní 1945, òyìnbó aláṣẹ dá a dúró. Múráínà ọmọ rẹ̀ wá pa ara rẹ̀ dípò bàbá. Ẹ wo orúkọ méjèèjì: orúkọ Mùsùlùmí ni. Orúkọ ti wọlé, ṣùgbọ́n oyè ni ó ń pàṣẹ.

Nínú eré, Olúńdé ni ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó lọ sí Ìlú Òyìnbó; ó lọ, ó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. A yin òǹkọ̀wé pé ó fún ọmọ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó lójú wa nìyí: bàbá ni Ìyálọ́jà ń bá wí, ikú ọmọ sì di ọlá ilé. Ta ni ó béèrè bóyá ọmọ ni ó jẹ gbèsè náà? Lóòótọ́, Olúńdé fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi ọ̀nà kan ṣoṣo hàn láti kékeré, kí ni ó kù tí yóò yàn?

Ọlọ́hun ṣe pípa ara ẹni léèwọ̀. Súúrà Lùkùmọ́ọ̀nù pàṣẹ kí a ṣe dáadáa sí òbí. Áyà 15 sì ní kí a má gbọ́ tiwọn bí wọ́n bá fẹ́ kí a bá Ọlọ́hun wá orogún, síbẹ̀ kí a máa fi ìwà rere bá wọn gbé. Ìgbọràn ní ààlà, ọ̀wọ̀ kò ní.

Nídìí òfì ní Ìsẹ́yìn, bàbá a máa kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ọmọ ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ọ̀kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí lórí ẹ̀sìn, iṣẹ́ àti ìgbéyàwó. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, òótọ́ ni. Kíkọ́ ni àgbà wí, wọn kò wí pé kí a dè é.

Ẹ jọ ka eré náà nínú ilé, bàbá, ìyá àtọmọ. Kí òbí bi ara rẹ̀ pé: ẹrù ta ni mo ń dì lé ọmọ mi lórí? Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sọ́nà. Àmín.