Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́
Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, tí fífi fíìmù ránṣẹ́ sí òkè òkun fún fífọ̀ sì di ohun tí apá kò ká mọ́, àwọn òṣèré wa kò káwọ́ lẹ́rán. Ọgbọ́n ju agbára, kámẹ́rà fídíò ni wọ́n gbé, òun náà sì ni Túndé Kèlání, àgbà ayàwòrán, fi gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993.

Láti Ìkẹjà títí dé Agége, níbi tí orúkọ Pen Cinema, ilé sinimá àtijọ́, ṣì wà lẹ́nu ọlọ́kọ̀, iṣẹ́ náà kò dúró: ẹnìkan gbé pátákó funfun dání kí oòrùn lè tàn sójú òṣèré, ẹlòmíràn gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà kí ariwo rẹ̀ má ba ohùn jẹ́. Owó táṣẹ́rẹ́ kò sọ iṣẹ́ ọpọlọ di yẹpẹrẹ.