Eruku, Ikú, Iwin àti Òwìwí: Àgbéyẹ̀wò Ìsọlórúkọ Nínú Fíìmù Hijack '93

Fíìmù tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni Hijack '93. Robert O. Peters ni ó darí rẹ̀, Charles Okpaleke àti ilé-iṣẹ́ Play Network ni wọ́n sì ṣe é. Ó jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni wọ́n gbé ìtàn náà lé. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 1993, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways kan gbà bí ó ṣe ń ti Èkó lọ sí Àbújá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ Movement for the Advancement of Democracy ni àwọn ń ṣojú fún, wọ́n sì ń fẹ́ kí ìjọba fìdíhẹ Ernest Shonekan kúrò, kí wọ́n dá ìdìbò June 12 tí wọ́n wọ́gi lé padà fún M.K.O. Abíọ́lá. N'Djamena kò gbà kí bàálù náà balẹ̀, Niamey ni ó balẹ̀ sí láti gba epo, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ àwọn jàndáàmù, ìyẹn ọlọ́pàá ológun ilẹ̀ Niger, ya wọ inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ bàálù kan kú. Àwọn ọ̀dọ́ náà lo ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án lẹ́wọ̀n ní Niger. Ní ti Shonekan, kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí Abacha fi lé e lọ.

Mabera, ní ìlú Sókótó, ni a ti wo fíìmù yìí, nínú pálọ̀ wa, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ NCE mẹ́fà. Mẹ́ta jẹ́ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sókótó, mẹ́ta jẹ́ Hausa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ti bí ní 1993. June 12 tí wọ́n mọ̀ kò ju ọjọ́ ìsinmi lọ, nítorí láti ọdún 2019 ni ìjọba ti sọ ọ́ di Ọjọ́ Ìjọba Àwaarawa. Àwọn ọmọ tí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyí, àwọn náà ni yóò sì lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láìpẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rù irú fíìmù báyìí díẹ̀. Ohun tí ó bá fò dá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí lójú wọn.

Ohun tí ó fò dá jù lọ ni orúkọ. Fíìmù náà kò lo orúkọ àwọn mẹ́rin tí wọ́n ṣe é. Orúkọ ìnagijẹ ni ó fún àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀ sì jẹ́: Eruku, Ikú, Iwin àti Òwìwí. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú wa dùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó bi ara wa pé kí ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń ṣe. Ikú kò ní ẹ̀bẹ̀. Òwìwí ni ẹyẹ òru tí àgbà ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Iwin ń gbé inú igbó, kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Eruku nìkan ni a lè dá sí. Ṣùgbọ́n òun náà, ojú ni ó ń bà jẹ́. Bí a bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, orúkọ ẹ̀rù ni wọ́n. Kò sí èyí tí ó jọ mọ́ ẹjọ́, kò sí èyí tí ó jọ mọ́ ìbò tàbí ìrẹ́jẹ. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ gidi náà dárúkọ gbé ohun tí wọ́n ń bèèrè sí inú orúkọ rẹ̀. Ìnagijẹ inú fíìmù gbé e kúrò. Yorùbá mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wọ ẹ̀kú: a kì í pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́.

Ìyanu ibẹ̀ ni pé àwọn òṣèré náà kò ṣe bí iwin. Àwọn tí ó ṣe ipa ọ̀dọ́ mẹ́rin yìí jẹ́ kí a rí ọmọdé tí ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára rẹ̀. Inú bàálù ni ìtàn náà ti wáyé jù, ibi tí kò sí ààyè láti nasẹ̀, olùdarí sì mọ bí a ti ń lo ìhámọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ni ó kàn sáré kọjá lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá ní àárín fíìmù pé, "Ṣé owó ni wọ́n ń wá ni?" Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé òfin ni ó ń da àwọn tí ó ń ṣe fíìmù láàmú, pé ẹni tí ó bá pe orúkọ lè dé kóòtù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, Steve Gukas ṣe '93 Days lórí Ebola tí ó wọ Èkó láti inú bàálù ní oṣù Keje 2014. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni Dókítà Adadevoh nínú rẹ̀, Bimbo Akíntọ́lá ni ó ṣe ipa rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó lè lọ yẹ ìwé ìròyìn wò lọ́jọ́ kejì, kí ó mọ ibi tí fíìmù ti tẹ̀lé òótọ́ àti ibi tí ó ti yà. Wàhálà Hijack '93 kò ju èyí lọ: kò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ kankan tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ọ̀rọ̀ bàálù kì í ṣe eré fún ará Sókótó. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 2006, bàálù ADC tí ó ń bọ̀ láti Àbújá sí ìlú yìí já lulẹ̀, Sultan Muhammadu Maccido sì wà nínú àwọn tí ó kú. Nígbà tí àwọn èrò inú fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, pálọ̀ wa parọ́rọ́. Nítorí náà a kò wí pé akọni ni ẹni tí ó já bàálù gbà. Ẹni tí ó kú ní Niamey ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni.

Niamey pàápàá kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá ti Sókótó gba Iléla dé Kónní ti wà ní Niger. Ọmọ Iléla ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó ti kọ́kọ́ bi wá bóyá Iku jẹ́ orúkọ ìdílé, bí i Okafor, àwọn ọmọ Yorùbá sì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí fíìmù parí, a mú ṣọ́ọ̀kì, a kọ orúkọ gidi sí ara pátákó kékeré tí àwọn ọmọ wa fi ń kàwé: Richard Ogunderu, Kabir Adenuga, Benneth Oluwadaisi, Kenny Rasaq-Lawal. A sọ fún wọn pé ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Ọmọ Iléla náà wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀.

Ó fi Hausa sọ pé, "Kabiru ni àbúrò mi ń jẹ́." Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè látìgbà tí a ti jókòó: kí ni wọ́n fi ìdìbò náà ṣe fún un tí ó fi wọ bàálù lọ́jọ́ yẹn?